Ọjọ́ tí mo ń wá ẹ̀yìn nínú rédíò

Àbúrò mi ló ra Corolla 2019 fún mi, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, láti oṣù karùn-ún 2018, òfin ni pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà lẹ́yìn. Bí mo bá ti ki gíà sí rífáàsì báyìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ti hàn kedere lójú rédíò níwájú mi. Oṣù méjì ni mo fi ń wọ àgbàlá wa ní Parakin, n'Ílé-Ifẹ̀, tí mo ń jáde, ọrùn mi ò yí lẹ́ẹ̀kan.

Kámẹ́rà mìíràn wà lókè gíláàsì iwájú, tó ń wo ìlà funfun ojú títì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, tó fẹ́ ré ìlà kọjá láìtan tíráfíkétọ̀, á ké. Láti Lagere dé Sábó, kò ké rí. Ìlà wo ló fẹ́ rí? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọlọ́kadà kan já wọ iwájú mi ní Mayfair, BRAKE yọ gàdàgbà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ariwo ta, kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti wà lórí búréèkì. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ó gbà mí lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ ìdánwò ọkọ̀ wíwà wá dé. Camry Big Daddy ni wọ́n gbé fún wa. Wọ́n to kóònù, wọ́n ní kí n fi ẹ̀yìn wọ àárín wọn. Mo ki rífáàsì, ojú mi lọ tààrà sí rédíò. Ihò káséètì ló ń wò mí. Kóònù méjì wó.

"Màdáàmù, kí lẹ ń wá nínú rédíò?"

Mo féèlì.

Bàbá kan ní Ìrẹ̀mọ, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa lọ́rì, ló tún mi kọ́. Ó ní kí n mú àjákù áńkárá wá láti ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi bo ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn pátá. "Ìyá Ìbejì, wo dígí ọ̀tún. Wo tòsì. Ó yá, yí ọrùn!" Ọrùn dùn mí bí ẹni ru igi. Ọjọ́ kẹta ni ewúrẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ wá, tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo rí i kí Bàbá tó sọ̀rọ̀. Wọn ò yìn mí, wọ́n kàn ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."

Mo páàsì lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ṣí áńkárá kúrò, àmọ́ àwọn ìbejì ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín: kí n tó rífáàsì, mo máa ń kọ́kọ́ pa rédíò.