Ìka Kì Í Bá Pósítì Rìn: Ìwé Ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Ìjẹ̀bú

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè fi fóònù ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, kó sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi èyí tó ti gbó ránṣẹ́, kí tuntun sì bá a nílé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Kò ní fojú kan òṣìṣẹ́ kankan. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó fẹ́ gba ti Nàìjíríà ládùúgbò kan náà sábà máa ń ní láti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, kó tó gba Northumberland Avenue lọ, níbi tí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ tiwa. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwòrán ojú wà nínú ṣíìpù pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́jú ìsọfúnni ẹni tó ni ín, àmọ́ kò sí ìtẹ̀ka níbẹ̀. Tiwa ní ìtẹ̀ka nínú, ìka kì í sì í bá pósítì rìn. Áàpù tí wọ́n gbé jáde kí àwọn ará òkè òkun lè máa tún tiwọn ṣe látilé ti ń dín èrò kù, àmọ́ ẹni tó ń gbà á nígbà àkọ́kọ́ ṣì gbọ́dọ̀ yọjú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí yíyẹ ìwé wò, fọ́tò, ìtẹ̀ka àti ìbuwọ́lùwé bá gba ìṣẹ́jú 15, ẹ̀rọ kan á ṣe èèyàn 24 ní wákàtí 6. Ẹ̀rọ 3 á ṣe 72. Kí ọ̀kan bàjẹ́, èèyàn 24 á padà sílé lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ yẹn. Ilé àtijọ́ láàárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù kò sì dà bí ilé Ìjẹ̀bú téèyàn lè fa yàrá kan yọ lẹ́yìnkùlé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá náà, bí sáà wọn bá ti pé, wọ́n á padà sílé, ẹni tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́.

Tí Ìléyá bá wá ń bọ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń múra Ojúde Ọba, ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ ń rántí wo ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù wọn máa kú. Ẹ tètè wò ó.

Ní ti ilé, ìyá tó ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó fẹ́ wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lè bá a kọ fọ́ọ̀mù físà Gẹ̀ẹ́sì látòkè òkun, kó sì san owó rẹ̀. Àmọ́ ìyá fúnra rẹ̀ ló máa gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka fún físà ní Victoria Island, tàbí kó gba Ṣàgámù lọ sí ti Ìkẹjà. Àwọn tó máa bá níbẹ̀ kì í ṣèpinnu. Fọ́tò àti ìka 10 ni tiwọn, ibòmíràn ni wọ́n ti ń dájọ́ ìwé. Yíya tí wọ́n ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí èrò tètè kọjá, mo sì gbà pé ó yẹ ká kọ́ ọ lára wọn.

Ìka tí agbada gàrí ti jẹ kì í tètè hàn lórí gíláàsì. Òṣìṣẹ́ á nu gíláàsì, á ní kí màmá tún un tẹ̀, kó tún un tẹ̀, kó tún un tẹ̀. Kí màmá máa fi ìpara pa ọwọ́ lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó nu ún gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má sì lé làálì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í tẹ̀ka.

Láti September 2025, pásípọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 tiwa ti di ₦100,000 nílé; dọ́là 150 tí wọ́n ń gbà lókè òkun kò yí padà. Ó yẹ kí irú owó bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ. Kó tó dìgbà yẹn, kí òṣìṣẹ́ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà nínú NIN wé ti pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tí tiẹ̀ kò bára mu á ti mọ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, á lọ tún un ṣe, ẹlòmíràn á sì bọ́ síwájú ẹ̀rọ.