Tábìlì Ò Mọ Bẹ́líìtì

Ojúgun mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá sílé wa rí, ẹ mọ tábìlì tí mò ń wí. Òun náà ni. Onígíláàsì yẹn, tí etí rẹ̀ mú, tí kò sí àlejò tí kì í fi orúnkún kí i kó tó jókòó.

Àwọn ẹbí mi ò yé bi mí: kí ni bàbá ọlọ́mọ ń wá nídìí kàrátè? Bó bá jẹ́ Àlàájà ìsàlẹ̀ ló bi mí, mo máa ń ní nítorí olè ni. Bó bá jẹ́ pásítọ̀ wa, mo máa ń ní dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ń ru lóòótọ́, àmọ́ ìrìn ni dókítà ní kí n máa rìn. Ọmọ mi ni mo mú lọ síbẹ̀. Bẹ́ǹṣì onípákó tí wọ́n tò fún àwa òbí le, fáànù ò sí, òwúrọ̀ Sátidé sì gùn. Lọ́jọ́ kan, sensei, ìyẹn olùkọ́ kàrátè wọn, wo ikùn mi, ó wo bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe kúkú dìde?" Mo dìde. Ọmọ ti fi kàrátè sílẹ̀ tipẹ́, bọ́ọ̀lù ló ń gbá báyìí. Bàbá rẹ̀ ló kù síbẹ̀.

Èmi nìkan kọ́ o. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, ó ní orúnkún òun ò dun òun mọ́. Bàbá kan wá nítorí fíìmù Ṣáínà tó ń wò ní kékeré. A sọ ọ́ títí pé àwọn ará Okinawa ní Japan ló ni kàrátè, pé kọfú ni tàwọn Ṣáínà, kò gbọ́. Ó ṣì ń fi àtàǹpàkò nu imú kó tó jà.

Èmi, ọmọdébìnrin kan ló ń mú mi padà lọ. Bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé ló so, funfun, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni tèmi. Eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù tán. Á kọ́kọ́ kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà." Bó bá ti dìde báyìí, ó ti di ọ̀gá mi nìyẹn. "Daddy, ẹ tẹ orúnkún iwájú yẹn sí i. Daddy, ẹ fa ìdí yín wọlé." Níbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n ń dìde fún. Nílé, èmi ni wọ́n ń bi léèrè owó gáàsì. Ibi kàrátè nìkan ni mo mọ̀ tó jẹ́ pé ìdí ni wọ́n ní kí n fà wọlé, wọn kì í ní kí n fa owó jáde. Mo máa ń sùn dáadáa lálẹ́ Sátidé. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ìdánwò bẹ́líìtì ló wá kàn. Kata ni wọ́n ń pe ìjà tí èèyàn ń dá jà ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa, Heian Shodan, ìgbésẹ̀ 21 ni. Èèyàn á lọ sósì, á lọ sọ́tùn-ún, á lọ síwájú, á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, á ké kiai, ìyẹn igbe ìjà. Ìgbésẹ̀ kẹwàá ni ọ̀tá mi. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn kọjú sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n ní kó gbà, kó fi ẹ̀yìn pòyì yíká kó tó débẹ̀. Ẹ má bi mí ìdí tí wọn ò kúkú fi yà sọ́tùn-ún jẹ́jẹ́. Bí gbogbo kíláàsì bá ti ń pòyì, èmi á ti dúró sósì, èmi àti ọmọdébìnrin yìí á wá máa wo ara wa lójú. "Daddy, ẹ máa ṣe é nílé ní ìdájí."

Mo gbà, torí òru ni àwọn àgbà fi kọ́ ọ. Gichin Funakoshi, tó gbé kàrátè láti Okinawa lọ sí Tokyo ní 1922, tíṣà ni lọ́sàn-án. Bílẹ̀ bá ṣú, á gbé àtùpà, á gba ilé ọ̀gá rẹ̀ lọ, torí ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ nígbà náà. Àwọn aládùúgbò ń rí i tó ń wọlé ní ìdájí, wọ́n ní ilé aṣẹ́wó ló ti ń bọ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún nígbà tó dé Tokyo yẹn. Mo kà á, orí mi wú.

Ìyá àwọn ọmọ ti kìlọ̀: "Kàrátè yín yìí, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo ẹ̀ o." Nígbà tí mo jí ní ìdájí, iná ò sí. Mi ò tan tọ́ọ̀ṣì. Mo wọ aṣọ kàrátè mi, mo so bẹ́líìtì, mo sì fọgbọ́n ti tábìlì sápá ọ̀tún kí àyè lè gbà mí.

Apá ọ̀tún. Ẹ rántí ìgbésẹ̀ kẹwàá.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ dáadáa. Mo dé ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, mo gbé kiai mì, ọkọ rere. Mo wá pòyì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo pòyì yẹn pé. Ẹsẹ̀ òsì gbéra, ó yí yíká, ó lọ síbi tí sensei ní kó lọ gan-an, ó sì bá tábìlì níbẹ̀.

"Yéè! Mo kú o!"

Wọ́n ní inú ikùn ló yẹ kí kiai ti máa jáde. Èyí ò gba ikùn kọjá rárá, inú mùdùnmúdùn egungun ló ti wá. Ó kan òrùlé, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó jí àkùkọ, ó jí ọmọ ìkókó ilé kejì. Gbogbo ajá àdúgbò ló gbè é.

Kó tó di pé mo rí èémí mí, ilé ti kún. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù mú àdá wá, àdá ọ̀hún ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Àlàájà gbé ọmọ odó. Ó tan iná fóònù sí mi lára, ó rí mi ní gbalaja nílẹ̀ nínú aṣọ funfun láti ọrùn dé kókósẹ̀, ló bá fi ọmọ odó sílẹ̀.

"Innaa lillaahi! Wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ tán!"

Ìyàwó mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó fọwọ́ pa gíláàsì yíká. "Ó ṣeun, kò fọ́."

Mo ṣàlàyé pé kàrátè ni, pé kata ni wọ́n ń pè é, pé èèyàn á máa bá ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀ jà.

"Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ báyìí?" Àlàájà bi mí.

Mo ní Sandra Sánchez, ọmọ Spain, ọmọ ọdún 39 ni nígbà tó fi kata gba góòlù ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Àlàájà ní ṣé Sandra náà ní tábìlì nílé.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ló gbà mí sílẹ̀. "Ọlọ́dẹ dà?"

Gbogbo wa wo ara wa. Ọlọ́dẹ tí à ń dáwó fún lóṣooṣù, tó ní ìbọn kì í ran òun, tí ó so òǹdè kan mọ́ apá tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn. A sọ̀ kalẹ̀. Géètì wà ní ṣíṣí gbayawu. Fèrè rẹ̀ wà lórí àga, bàtà kan wà lẹ́nu géètì, èkejì wà lójú títì. Ìbọn ò ràn án lóòótọ́, igbe ló ràn án.

Ilẹ̀ mọ́ kó tó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun lé àwọn olè náà dé ìsọdá odò.

"Mélòó ni wọ́n?" Bàbá Láńlọ́ọ̀dù bi í.

"Wọ́n tó mẹ́fà, Bàbá. Wọ́n dìhámọ́ra."

"Ẹyọ kan ni," Àlàájà ní. "Òun ló jókòó yẹn, tó ń fi òrí pa ojúgun."

Wọ́n pèpàdé ilé ní ìrọ̀lẹ́ Sunday. Ìdájọ́ wọn ni pé bí mo bá fẹ́ ṣe kàrátè ní ìdájí, kí n kọ ọ́ sórí WhatsApp ilé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí oníkálukú lè mọ̀. Mo gbà. Wọ́n ti fẹ́ gbàdúrà ìparí nígbà tí ọlọ́dẹ nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fi nọ́ńbà òun náà sí i.