Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí dídi nymph tí wọ́n fi ń pa ẹja trout

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ flai dídì, ìyẹn wíwé ìyẹ́ àti wáyà mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ, gbogbo ìyẹ́ aláràbarà tí wọ́n ń tò síwájú yín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, owó àpò yín ni wọ́n fi ń dẹ, kì í ṣe ẹja.

Nymph tí wọ́n ń pè ní Pheasant Tail ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dì. Frank Sawyer tó ń tọ́jú odò Avon ní Wiltshire, ní Ìlú Ọba níbí, ló gbé e jáde, nǹkan méjì péré ló sì fi ṣe é, fọ́nrán ìrù akọ pheasant (ẹyẹ kan tí ìrù ẹ̀ gùn) àti wáyà kọ́pà tín-ín-rín. Kò lo òwú rárá. Wáyà yẹn ló fi dì í, òun náà ló ń jẹ́ kó wúwo, òun náà ló ń pọ́n yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́. Ẹ lè tú u lára transformer tó ti bàjẹ́ (ẹ má tú ti ẹni ẹlẹ́ni o).

Ìwúwo yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nymph ni kòkòrò tó ṣì ń gbé ìsàlẹ̀ omi, tí kò tíì hu ìyẹ́ tó máa fi fò, abẹ́ omi níbẹ̀ sì ni trout ti ń jẹun jù, torí ẹ̀ tí tiyín bá ń léfòó, kó rẹwà títí, ẹja ò ní rí tiẹ̀ rò. Ẹ fi omi pa á lára, ẹ jù ú sínú ife omi. Tí kò bá rì kíá, ẹ tú u.

Ìwọ̀ sáìsì 14 ni kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, 18 ti kéré jù fún ọwọ́ tuntun (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i). Ẹ we wáyà dé ibi tí ìwọ̀ ti fẹ́ tẹ̀, ẹ wé e léra wọn níwájú kó yọ iké. Fọ́nrán mẹ́rin ti tó, ẹ so ṣóńṣó wọn mọ́ ìdí ìwọ̀ kó yọ ìrù kékeré, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ́ fọ́nrán àti wáyà pọ̀ kẹ́ ẹ tó wé e bọ̀ níwájú. Lílọ́ yìí làwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ fọ́nrán yẹn ò lágbára, eyín trout á já a wẹ́wẹ́, wáyà ló ń gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ iké, ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ tẹ fọ́nrán sẹ́yìn, ẹ dá a padà síwájú, ẹ fi wáyà dè é pa.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Sawyer ò fi sí i, torí ó ti ń wo kòkòrò yẹn nínú odò, ó rí i pé tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ ńṣe ló ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fẹsẹ̀ sí tiwọn, ó ń pẹja, mi ò bá wọn jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ìwọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá hàn mí, wáyà ti dí i pa, okùn ò ráyè wọlé, lórí tábìlì ẹ ò ní kà á sí, ó di bèbè odò tọ́wọ́ ti tutù tílẹ̀ sì ń ṣú.

Tí odò bá jìn tó sì ń sáré, ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ tungsten bọ̀ ọ́ lọ́rùn kẹ́ ẹ tó wé ohunkóhun, ó wúwo ju idẹ lọ. Lódò tó mọ́ tó rọra ń ṣàn, ẹ má lò ó, á já pò lómi, ẹja á sá. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi ẹni tó ni odò, torí láwọn ibì kan lórí odò Test ní Ìlú Ọba níbí, wọn kì í gba nymph títí di July.