Inú Ọyẹ́ Ni Kí Ẹ Ti Tọ́jú Òrùlé Páànù Yín

Àpò kajú mọ́kànlá ni òjò àkọ́rọ̀ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìparí oṣù kẹta ni. Kajú ṣì ń wọlé lójoojúmọ́ láti àwọn oko tó yí Kàbà ká, mo sì ń kó wọn jọ sínú ṣítọ́ọ̀ mi tó wà lẹ́yìn ìlú, ilé búlọ́ọ̀kù tí a fi páànù bò. Ìjì jà, òjò rọ̀ fún bíi wákàtí kan, mo ti sùn lọ. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, omi ti dúró sábẹ́ àpò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò kajú mọ bó ṣe máa ń rí: ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ la ẹyọ díẹ̀ wò. Tí inú rẹ̀ bá ti dúdú, tàbí tó ti bu, iye tó bá wù ú ló máa pè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́dún tó ṣáájú, òrùlé yẹn ò jò rárá. Kò sẹ́ni tó gùn ún, igi ò wó lù ú. Bàbá káfíńtà kan ló là mí lójú. Ó gun àkàbà, ó pẹ́ lórí ilé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, òjò kọ́ ló ba òrùlé yìí jẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀rùn ni." Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn kẹ̀, Bàbá?" Ó na ìṣó kan sí mi. Ìka méjì péré ló fi fà á yọ.

Lásìkò ọyẹ́, otútù máa ń mú láàárọ̀, tó bá sì di ọ̀sán, páànù á gbóná débi pé ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án. Páànù tó gbóná máa ń gùn sí i, tó bá tutù, á sún kì. Bí páànù alumíníọ̀mù bá gùn tó mítà 6, tí ìgbóná rẹ̀ lọ́sàn-án sì fi ìwọ̀n 40 ti Sẹ́ṣíọ̀sì (°C) ju ti òwúrọ̀ lọ, yóò fi bíi mìlímítà 5 gùn sí i. Ẹ wá rò ó: ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìṣó, fún oṣù mẹ́rin. Igi tí wọ́n kan páànù mọ́ náà ń gbẹ nínú ọyẹ́, ó ń fún, kò di ìṣó mú mọ́. Rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó á gbẹ, á là. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán kí ẹ̀kán omi kan tó bọ́ láti ojú ọ̀run.

Nítorí náà, láti ìgbà yẹn, kí oṣù kejì tó parí ni mo ti máa ń wo òrùlé mi. Inú ilé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, mo á ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mo á dúró sínú òkùnkùn, mo á gbójú sókè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, bó tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Mo á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi tó wà nítòsí ibẹ̀ kí káfíńtà má bàa máa wá a kiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró de òjò kí òjò wá fi ihò hàn wọ́n. Owó ńlá ni òjò máa ń gbà lórí iṣẹ́ yẹn.

Tí ìṣó bá ti yọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbá a padà sínú ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó máa tún yọ ni. Ẹ ní kí wọ́n fi skúrúù onírọ́bà tó nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, kó sì jẹ́ orí ibi tó ga lára páànù ni wọn yóò ti fi í, nítorí ibi tó kòtò ni omi ń ṣàn gbà.

Ọ̀rọ̀ ìjì gan-an ló jẹ mí lógún jù. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò lọ́dọ̀ wa, ìlà-oòrùn ló ti ń rọ́ wá. Ẹ ti rí bí ojú ọ̀run ṣe máa ń ṣú láti apá ibẹ̀. Bàbá yẹn ní bí ilé bá gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, láti apá ìwọ̀-oòrùn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ páànù, kí etí èyí tó wà lókè lè kọ̀yìn sí ìjì. Tèmi yàtọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kàn án ti bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn, gbogbo etí páànù wá lanu sílẹ̀ de afẹ́fẹ́. Mi ò lówó láti tú gbogbo rẹ̀, nítorí náà ńṣe la fi skúrúù kún etí wọn, pàápàá níbi ìgbátí òrùlé àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ibẹ̀ ni ìjì ti máa ń kọ́kọ́ ká páànù sókè. A tún fi irin pẹlẹbẹ de igi òrùlé mọ́ ògiri. Àwọn tó ń gbé òkúta àti táyà sórí òrùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Ìjì tó lè ká páànù lè gbé òkúta, orí ẹni tó ń kọjá ló sì máa já lé.

Níbi tí páànù òkè ti gun ti ìsàlẹ̀, ó yẹ kó gùn ún tó íǹṣì 6 ó kéré tán. Tí òrùlé ò bá dagẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣítọ́ọ̀ mi. Ewé rẹ̀ máa ń kó jọ sórí òrùlé, tí òjò bá sì ti rọ̀, ewé yẹn á máa rin sára páànù fún ọjọ́ púpọ̀, abẹ́ rẹ̀ á dípẹtà. Mi ò gé igi náà, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gé ẹ̀ka tó na sórí ilé, a sì ń gbá òrùlé. Ibi tó bá ti ń pọ́n, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á dáadáa kí a tó kùn ún lọ́dà.

Ẹni tó bá máa gun òrùlé, kó gùn ún ní kùtùkùtù, nígbà tí páànù ò tíì gbóná, tí ìrì sì ti gbẹ. Ojú ibi tí ìṣó tò sí ni kó máa tẹ̀, nítorí igi wà lábẹ́ ibẹ̀. Kí ẹnì kan di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ẹ má rán ọmọdé gun òrùlé, bó ti wù kó fúyẹ́ tó.

Ní báyìí, orí pákó ni mo ń to àpò kajú sí, mo sì ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ sí ògiri. Tí mo bá ti rí i pé ojú ọ̀run dúdú láti ìlà-oòrùn, bó jẹ́ pé oníbàárà ń wọn kajú lọ́wọ́, mo á bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, mo á ti ilẹ̀kùn ńlá pa. Afẹ́fẹ́ tó bá ráyè wọnú ilé máa ń ti òrùlé láti abẹ́, èyí tó wà níta sì ń fà á láti òkè.