E Kì Í Ṣe Ẹ, Kódà ní Florence

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Santa Maria Novella, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Florence ní Ítálì, ìwé pélébé kan wà lápò mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọgọ́ta ni mo kọ síbẹ̀, mo wá kọ ti Ítálì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkàn mi balẹ̀ pé ìyẹn á tó mi lò fún ọjọ́ mẹ́fà.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sọ́jà Sant'Ambrogio. Oṣù Keje ni, oòrùn mú gan-an. Mo rí páálí kan tí wọ́n kọ "peperoni" sí. Lórí písà àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹran ni wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè. Tàtàṣé ló kún inú páálí yìí, tó pupa, tó ń dán.

Ìyá àgbà kan ń ta èso píìṣì níwájú. "Pesca" ló wà nínú ìwé mi, mo sì pè é pẹ̀lú "e" bíi ti ewé. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń ju ìwọ̀ sódò. Wọ́n wá gbé èso kan sókè: "Pèsca!" Ẹ ni wọ́n pè, bíi ti ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ e, ẹja pípa ni. Tó bá jẹ́ ẹ, èso ni. Bẹ́ẹ̀ bákan náà ni wọ́n ń kọ méjèèjì, wọn kì í fi àmì sí i. Inú mi dùn débi pé mo ń ka fáwẹ̀lì wọn síra mi létí lórí ìdúró: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Méje, gẹ́lẹ́ bíi tiwa!

Àtìgbà yẹn ni mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí mo ń ti inú Yorùbá bọ́ sínú Ítálì. "Mi piace la pesca": èso yẹn ló ń ṣe nǹkan sí mi, bí a ṣe ń sọ pé ó wù mí. Tó bá ti pọ̀, ó di "mi piacciono le pesche". Ẹ má yọ "h" yẹn o! Láìsí i, "pesce" ló kù, ẹja nìyẹn, "sce" rẹ̀ sì ń dún bíi "ṣe".

Kọ́ńsónáǹtì onílọ̀ọ́po méjì ló dá mi lágara. "Sete" ni òǹgbẹ, "sette" ni èje. Èèyàn ní láti di "t" mú díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀, Yorùbá ò sì ní irú ẹ̀. Àwọn ará Florence tún ní tiwọn: "la casa", ìyẹn ilé, "la hasa" ni wọ́n ń pè é.

"Lei" ni mo fi bá màmá sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. "Tu" ni ìwọ, ta ló máa fi ìyẹn pe àgbàlagbà? Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "òun", tí wọ́n ń lò fún obìnrin, náà ni "Lei", síbẹ̀ wọ́n ń fi í bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin pẹ̀lú.

Nígbà tí mo sanwó tán, mo gbọ́ tí oníbàárà kan ń kí wọn bó ṣe ń lọ: "Buon lavoro!" Ẹ kú iṣẹ́ ni! Kò sí nínú ọ̀rọ̀ ọgọ́ta tí mo kọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ò ní in. Mo yíjú padà, mo kí màmá: "Buon lavoro, signora." Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi píìṣì méjì sí i. Èènì.