Kí ni ó wà nínú páálí yìí?

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan láti Ìyàrà gbé páálí wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré tí mo ní lẹ́bàá ọjà Kàbà. Ó ti fi sẹ́lótéèpù wé páálí náà yíká-yíká bí ẹni di egbò, ó sì ní kí n bá òun kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún òun ní pọ́sítọ́fíìsì, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ òun mẹ́ta tí wọ́n wà ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi ẹrù náà ránṣẹ́ sí. Mo bi í pé, "Màmá, kí ni ó wà nínú páálí yìí?" Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ṣáà kọ 'foodstuff' sí i. Ohun tí gbogbo wọn ń kọ nìyẹn." Mo fún un ní àga, mo sì wá abẹ láti fi tú sẹ́lótéèpù náà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ará Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú kọ irú fọ́ọ̀mù báyìí, torí pé agbára káká ni a fi lè rí ìdílé kan ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi níhìn-ín, tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò lẹ́yìn odi. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé ìwé ni oníbodè ń kà, kì í ṣe páálí. Ẹrù tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójúmọ́ pọ̀ ju ohun tí ó lè tú wò lọ, nítorí náà ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí olùfiránṣẹ́ kọ ni ó fi ń mọ èyí tí yóò kọjá wẹ́rẹ́, èyí tí yóò san owó, àti èyí tí yóò dá dúró. Ẹni tó bá kọ "foodstuff" kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan, oníbodè náà á sì ní láti dáhùn ín fúnra rẹ̀ nípa títú ẹrù onítọ̀hún.

Fọ́ọ̀mù méjì ni ó wà, CN22 àti CN23, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́ káàkiri ayé. Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Bern ní ọdún 1874, tí Nàìjíríà sì dara pọ̀ mọ́ ní ọdún 1961, ni ó fi wọ́n lélẹ̀. Ìdí nìyí tí oníbodè tí kò gbọ́ orúkọ Kàbà rí fi lè ka ohun tí a kọ síbí, tí yóò sì yé e. CN22 wà fún ẹrù wẹ́wẹ́ tí kò wúwo ju kílò 2 lọ tí iye rẹ̀ kò sì ju 300 SDR lọ. SDR kì í ṣe owó tí a lè ná lọ́jà, òṣùwọ̀n tí IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, fi ń ṣírò owó ni. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, àti páálí gidi, CN23 ni a ń kọ fún un, ti Màmá sì jẹ́ CN23, nítorí kílò 5 ó lé díẹ̀ ni ìwọ̀n mi pè é.

A kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Èlùbọ́ iṣu wà nínú ọ̀rá méjì, ata gígún kún inú ike bọ́tà kan, aṣọ àdìrẹ tí wọ́n rán fún ọmọ mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá ni mo sì ti bá wàrà díndín tí wọ́n fi bébà àti ọ̀rá wé. Wàrà ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa nínú ẹrù ìfìwéránṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹ̀bùn, ìbáà kéré bí ẹ̀kún ọwọ́ kan. Ó dun Màmá. "Èyí tí mo dín fúnra mi láàárọ̀ yìí?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, bí ẹ ti dín in náà, wàrà ṣì ni." Ó gbé e fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọ náà sì ti jẹ ẹ́ tán kí a tó kọ ìlà kejì.

Ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: ohun tí ó jẹ́ gan-an, mélòó ni, báwo ni ó ṣe wúwo láìka páálí mọ́ ọn, èló ni, àti ilẹ̀ tí ó ti wá. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni a ń fi kọ ọ́, tàbí èdè tí ilẹ̀ tí ẹrù ń lọ bá gbà. Mo kọ "yam flour for eating", mi ò kọ "elubo", torí pé oníbodè ọ̀hún lè má jẹ àmàlà rí láyé rẹ̀, ìyẹ̀fun tí kò bá sì lórúkọ nínú ọ̀rá a máa kó ìfura bá ènìyàn, kódà kí ó tó kúrò ní Nàìjíríà, nítorí àwọn NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró pẹ̀lú ń wo ẹrù tó ń jáde. Bákan náà ni mo kọ aṣọ náà: aṣọ òwú fún ọmọdé, tuntun, mẹ́ta.

Àyè kan wà lórí rẹ̀ fún nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní HS, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ lófìfo. Àjọ àwọn oníbodè àgbáyé ni ó ṣètò nọ́ńbà yìí, díjíìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń lò ó. Ti èlùbọ́ iṣu ni 110620, ti ata gígún sì ni 090422. Fún ẹni tó ń ta ọjà, nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì gan-an. Fún ìyá tó ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, ó wulẹ̀ ń dín àríyànjiyàn kù ni, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ọ́ sí i nígbà gbogbo, nítorí ẹni tó bá rí 110620 kò ní láti máa rò ó bóyá oògùn ni tàbí oúnjẹ.

Ibi iye owó ni a ti pẹ́ jù. "Mi ò rà á," ni Màmá wí. "Oko mi ni mo ti wu iṣu, èmi náà ni mo bó o, èmi ni mo sá a." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ lórí fọ́ọ̀mù yìí, ohun tí a kò rà náà ní iye tí ì bá jẹ́ bí a bá lọ rà á. A pè sí ìyàwó kan tó ń ta èlùbọ́ lódìkejì títì, ó sọ iye tí kílò kan jẹ́ lọ́jọ́ náà, a sì ṣírò rẹ̀ ní náírà, a kọ orúkọ owó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé dọ́là ni.

Àwọn ènìyàn á máa sọ fún mi ní ibi yìí pé kí n dín in kù, kí n kọ iye tí kò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn san owó-orí. Mi ò ṣe é mọ́, torí pé mo ti ṣe é rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi aṣọ òkè ránṣẹ́ sí àbúrò mi, odindi agbádá pẹ̀lú fìlà, mo sì kọ ọ́ sórí ìwé pé aṣọ àlòkù ni, iye tí mo kọ kò sì tó owó tí mo san fún télọ̀. Ẹrù náà sọnù lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo béèrè owó gbà-máà-bínú, ìwé tí èmi tìkára mi bu ọwọ́ lù ni wọ́n gbé síwájú mi, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Àbúrò mi kò tíì dárí jì mí lórí aṣọ náà.

Yàtọ̀ sí èyí, òótọ́ sábà máa ń dín owó kù ju irọ́ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, tí kì í ṣe ọjà, kì í san owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT bí iye rẹ̀ kò bá ju pọ́n-ùn 39 lọ, owó ibodè kò sì kan èyí tí kò bá ju pọ́n-ùn 135 lọ. Bí páálí kan bá jẹ́ ti ènìyàn púpọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní pọ́n-ùn 39 tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti di ti oníkálukú lọ́tọ̀, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i, tí a sì tò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Nítorí náà mo ní kí Màmá pín aṣọ sí ọ̀rá mẹ́ta, ó sì sọ orúkọ àwọn ọmọ náà fún mi láti orí àgbà dé orí èwe, pẹ̀lú oríkì èyí tó dàgbà jù, tí mi ò kọ sílẹ̀. Ohun mìíràn tó tún wà níbẹ̀ ni pé VAT wọn jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ ọjà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ àti aṣọ ọmọdé kì í san rárá. Báwo ni ẹni tó kọ "gift items" ṣe fẹ́ jàǹfààní ìyẹn?

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, yúrò 45 ni òpin fún ẹ̀bùn. Ọjà tí a rà, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, VAT ti dé orí rẹ̀ bó ti wù kó kéré tó. Ní Kánádà, dọ́là 60 tiwọn ni òpin ẹ̀bùn. Ti Amẹ́ríkà ni ó yí padà jù: ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ ti máa ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀hún, tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì dá gbígba ẹrù ibẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọ̀nà tí wọn yóò gbà kó owó ibodè náà kò tíì yé wọn. Ẹ̀bùn tí kò ju dọ́là 100 lọ ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Ẹ̀bùn ni mo ń wí o. Àpótí kan wà lórí fọ́ọ̀mù tí a ń fi àmì sí, ẹ̀bùn lọ́tọ̀, ọjà títà lọ́tọ̀, àpẹẹrẹ ọjà lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń ta àdìrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rọ̀ mí pé kí n fi àmì sí ẹ̀bùn, mo sì máa ń kọ̀ fún un, torí pé rìsíìtì oníbàárà rẹ̀ wà lórí fóònù oníbàárà náà. Bí òwò rẹ̀ bá gbòòrò, yóò ní láti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tó ń rí sí ọjà títà sí ilẹ̀ òkèèrè, kí ó sì gba NXP, fọ́ọ̀mù àwọn tó ń ta ọjà sí ilẹ̀ òkèèrè, nípasẹ̀ báńkì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi.

Èyí tí mo rò pé ó kan àwa ará ìhín jù lọ ni ti aṣọ tí àwọn ará Bùnú ń hun. Ẹnì kan fẹ́ fi aṣọ ipò kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, aṣọ pupa tí wọ́n ti lò níbi òkú àwọn àgbà nínú ilé wọn, kí ọmọ náà lè gbé e kọ́ ara ògiri. Òfin àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà sọ pé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe kí ọdún 1918 tó dé, tàbí èyí tó ní ìtumọ̀ nínú ìtàn tí wọ́n sì ti lò rí níbi ayẹyẹ ìbílẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà. Kò sí fọ́ọ̀mù CN23 tó lè rọ́pò ìwé yẹn. Mo sọ fún un pé kí ó lọ béèrè ní Lókòjà, ó sì bínú sí mi pé aṣọ ìyá òun ni. Mo gbà pé ti ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀wà tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ sí ẹlòmíràn ní Jámánì ni mo tún ní kí ó fi sílẹ̀, nítorí láti ọdún 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, torí oró oògùn kòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀.

Ní ti Màmá, mo ní kí ó má ṣe lẹ páálí pa títí yóò fi dé iwájú káńtà, torí pé wọn yóò tú u wò níbẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni Àjọ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé ti ní kí ìsọfúnni orí fọ́ọ̀mù máa lọ sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú ẹrù, kí oníbodè tọ̀hún ti kà á kí ọkọ̀ òfúrufú tó balẹ̀, nítorí náà ohun tí akọ̀wé kò bá lè kà nínú ìkọ̀wé wa, yóò méfò rẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé nọ́ńbà tí a fi ń tọpa ẹrù, tí yóò bá rìsíìtì rẹ̀ wá, yóò jẹ́ àmì 13, lẹ́tà méjì níwájú, díjíìtì mẹ́sàn-án láàárín, NG lẹ́yìn, kí ó má sì sọ ọ́ nù.

Ó ku àyè kan lórí ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí páálí bí wọn kò bá rí ẹni gbà á: ṣé kí wọ́n dá a padà ni, tàbí kí wọ́n gbà pé olówó ẹrù ti yọ̀ǹda rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n bá dá a padà, òun ni yóò san owó ọ̀nà àbọ̀, owó náà sì lè ju iye èlùbọ́ lọ. Ó wo ọ̀rá méjèèjì lórí tábìlì fún ìgbà díẹ̀, ó tún sorí ọ̀kan dáadáa.

"Kí wọ́n dá a padà," ni ó wí. "Ta ni yóò yọ̀ǹda èlùbọ́ mi?"