Skírínì tó ṣe é tú: iṣẹ́ ti dé orí àpótí

Mo ń kan skírínì kọ̀ǹpútà tó ṣe é tú ká. Páànẹ̀lì (awo gíláàsì tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀) tí mo yọ lára kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ ti ń gbé àwòrán jáde. Àpótí tí yóò gbé e ló kù, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ sì wà. Òfin kan ni mo fi ń ṣe é: ohun tó máa tètè kú ni kó tètè ṣe é yọ, láìfọ́ ohunkóhun.

Gíláàsì kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Iná ẹ̀yìn ni, àti àwọn kàpásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́) tó ní omi kẹ́míkà nínú. Wọ́n máa ń so LED, àwọn iná wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di iná ẹ̀yìn, pọ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo ìlà yẹn lè ṣókùnkùn. Mo wá dín agbára iná tó ń lọ síbẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí páànẹ̀lì lè gbà. Ojú ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ooru sì dín kù. Kàpásítọ̀ tí wọ́n ṣe láti fara da ooru 105°C ni mo lò dípò ti 85°C, mo sì gbé wọn jìnnà sí ibi tó ń gbóná: bí ooru bá fi 10°C wálẹ̀, ọjọ́ ayé wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. (Bí páànẹ̀lì tìrẹ bá pẹ́ gan-an, ó lè jẹ́ ọ̀pá iná tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀ dípò LED. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, má fọ́ ọ o.)

Nínú àpótí ni àlòpẹ́ àti àtúnlò ti ń bára wọn jà. Síkúrúù tó bá ń jẹ ike ní tààrà kì í pẹ́ tí ihò rẹ̀ fi ń gbòòrò. Ọ̀pọ̀ ń fi irin gbígbóná tẹ nọ́ọ̀tì idẹ wọnú ike. Ó lágbára, mi ò jiyàn, àmọ́ idẹ ti bá ike ṣègbéyàwó nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ lọ ike náà láti tún un lò ló máa tú wọn ká. Àpò tóóró ni èmi gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà ń wọ̀ ọ́ gẹ́rẹ́, ògiri àpò ò jẹ́ kó yí. Tú síkúrúù, dojú àpótí délẹ̀, nọ́ọ̀tì á jáde.

Irú ike kan ṣoṣo, ìyẹn ABS, ni gbogbo ike rẹ̀. Mo fín >ABS< sí inú rẹ̀ bí ISO 11469, ìlànà àgbáyé fún sísàmì sí ike, ṣe wí. Kò sí ọ̀dà, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sì sí kẹ́míkà oní-halogen (bíi kílórínì àti bromine) tí wọ́n fi ń dènà iná; Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é nínú àpótí àti ẹsẹ̀ skírínì láti oṣù kẹta ọdún 2021.

Àwọn ṣíìpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí gíláàsì ò ṣe é tú nílé, nítorí náà odidi ni páànẹ̀lì máa wà.

Ẹsẹ̀ ló kàn. Rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó tí wọ́n lu orí rẹ̀ pa, tí kò ṣe é tú) ni wọ́n fi kan oríkèé èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Màá fi ẹ̀rọ lu wọ́n jáde, kí n fi bóòtù rọ́pò wọn.